Bí Gìrì Bá Mú Ọmọ, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Aago

  

Ọ̀rọ̀ gìrì ni mo gbé wá fún ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Toronto lálẹ́ òní. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn á ti máa lọ síbi bọ́tìnnì rédíò báyìí, torí ní ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà, a kì í ṣàdédé pe orúkọ yẹn níbi tí ọmọ bá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní oṣù Èrèlé ọdún kan, aago mọ́kànlá òru ti lù, obìnrin kan tó ń gbé ní àjà kẹjọ ilé wa pè mí lórí fóònù. Àjà karùn-ún ni èmi wà. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí, ọmọ mi ti ń kú lọ!" Mi ò lè sọ bí mo ṣe dé òkè. Ọmọ oṣù méjìdínlógún ni ọmọ náà. Orí itan ìyá rẹ̀ ni mo bá a, suwẹ́tà méjì lọ́rùn, fìlà òwú lórí, hítà ilé sì ń mú bí ààrò. Ojú ọmọ ti yí sókè, funfun ẹyinjú nìkan là ń rí. Eyín rẹ̀ pa pọ̀ gírígírí, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, ètè rẹ̀ sì ti dúdú bí ẹni tó mu íǹkì. Ìyá àgbà, tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde kó lè bá wọn tọ́jú ọmọ, ti mú ṣíbí irin lọ́wọ́, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi kì í bọ àárín eyín ọmọ. Ìgò epo pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ṣíbí yẹn kúrò." Mo gba ọmọ, mo fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo tú ọrùn suwẹ́tà, mo wá gbójú sókè wo aago ara máíkírówéèfù. 11:14. Mo bi ìyá ọmọ pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ó ti tó ìdajì wákàtí." Mo wo fóònù mi: 11:12 ló pè mí. Kí aago tó di 11:16, ọwọ́ ọmọ ti rọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò lágbára, bí ìgbà tí wọ́n bá jí ọmọ lójú oorun ọ̀sán. Gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìyá yẹn ò purọ́. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ tí gìrì mú dání rí mọ̀ pé ìṣẹ́jú kan a máa gùn bí ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà náà gan-an la nílò aago ara ògiri, torí bóyá ká dúró ni o, bóyá oògùn ló kàn ni o, bóyá ewu ti wọ̀ ọ́ ni o, iye ìṣẹ́jú ló máa sọ. Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ 911 bi bàbá ọmọ nígbà tó pè wọ́n náà nìyẹn: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Gìrì pọ̀ ní oríṣi. Gìrì ibà ni tiwa lálẹ́ òní, ìyẹn èyí tó ń mú ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 5, tí ara rẹ̀ gbóná dé dígírì 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì sí àrùn kankan nínú ọpọlọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Oṣù méjìlá sí oṣù méjìdínlógún ló máa ń wọ́pọ̀ jù. Ní Canada àti ní Yúróòpù, nínú ọmọ 100, ó máa ń mú nǹkan bí 2 sí 5. Ní Japan, ó tó 6 sí 9. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àrùn àwa Yorùbá nìkan, kì í sì í ṣe ọ̀tá ilé ẹnikẹ́ni ló ń rán an. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, lóòótọ́: bí ó bá mú bàbá tàbí ìyá nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ó lè mú ọmọ wọn. Ẹ pe màmá yín nílé kí ẹ bi wọ́n. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan nínú yín ti ṣe é rí tí wọn ò sọ fún un.

Ọpọlọ ọmọ kékeré ṣì ń dàgbà ni. Ẹ rántí bí gílóòbù ṣe máa ń ṣẹ́jú nígbà tí NEPA bá ṣàdédé mú iná dé tí agbára rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àpèjúwe lásán ni o, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i: ibà ru iná inú ọpọlọ sókè, gbogbo rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó ń fa ibà náà sábà máa ń jẹ́ kòkòrò àrùn yẹpẹrẹ: ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní flu, etí dídùn, tàbí roseola, ibà ọjọ́ mẹ́ta tí ara ọmọ á wá sú nígbà tí ibà bá ti lọ tán. Nígbà mìíràn gìrì yìí gan-an ni àmì àkọ́kọ́ tí òbí fi máa mọ̀ pé ibà wà lára ọmọ. Ẹ má bá ara yín jà, nígbà náà, pé ẹ ò tètè rí ibà.

Ní ilé bàbá mi, ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbà pé òtútù ilẹ̀ ló gba ẹsẹ̀ wọ inú ọmọ. Bí òtútù bá sì wọlé, ooru ló yẹ kó lé e jáde. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tọ́ létí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ àbúrò mi sún mọ́ iná ààrò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì. Ó jí, lóòótọ́. Àpá iná náà ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti pé ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Mo ti rò ó títí kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gìrì ibà ni kì í pé ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dá fúnra rẹ̀. Torí náà, ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wa nígbà tó dá ló ń gba oríyìn. Ẹni tó mú ṣíbí á ní ṣíbí ni, ẹni tó mú iná á ní iná ni, ẹni tó ta ata sójú ọmọ á ní ata ni. Ọmọ ì bá jí, bí a tilẹ̀ jókòó ká máa wò ó.

Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni àgbo tútù. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: ewé tábà, àlùbọ́sà, ááyù, efinrin, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, gbogbo rẹ̀ tí a rẹ sínú ìtọ̀ màlúù. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí Oyebola wà lára wọn, yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó ń dá mímí dúró, oró inú ewé tábà sì lè fa gìrì fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: oògùn gìrì tó ń fa gìrì. Ọmọ tí gìrì ìṣẹ́jú mẹ́ta ì bá fi sílẹ̀ lọ á wá di ẹni tí kò mọ nǹkan kan mọ́ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ṣúgà ara rẹ̀ á ti tán pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí gìrì mú kò lè gbé nǹkan mì. Epo pupa tí a rọ sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Ẹ má sọ pé ìyẹn wà nílé, pé Canada la wà. Mo ti rí ìgò àgbo nínú fíríìjì ní Rexdale. Ó tẹ̀ lé ẹnì kan wọ bàálù wá. Mo sì ti rí ti òyìnbó náà, àwọn tó ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná bọ omi tútù, tàbí tó ń fi spirit pa á lára. Awọ ọmọ a máa mu spirit náà wọ inú ara. Ìpara tó ní káńfọ̀ nínú ńkọ́, èyí tí a ń pa sí ọmọ nímú nígbà ọ̀fìnkìn? Bí ọmọ bá gbé káńfọ̀ mì, òun náà lè mú gìrì wá. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ọwọ́ ọmọ.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ẹ wo aago, kí ẹ sì pe àkókò náà sókè kí ẹlòmíràn gbọ́, torí ẹ̀rù á jẹ́ kí ẹ gbàgbé. Ẹ gbé ọmọ sílẹ̀, orí kápẹ́ẹ̀tì tàbí orí ibùsùn tí kò ti ní jábọ́, kí ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí itọ́ tàbí èébì lè máa ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ tó bá fún un lọ́rùn. Ẹ sún tábìlì àti ohun líle kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ìka yín pàápàá. Ọmọ ò lè gbé ahọ́n rẹ̀ mì, ìtàn ni. Ẹ má dì í mú kí gbígbọ̀n náà lè dúró; kò ní gbà fún yín. Bí ẹnì kejì bá wà nílé, kó fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìwà òǹrorò kéèyàn máa ya fídíò ọmọ tí gìrì mú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan nínú fídíò yẹn wúlò fún dókítà ju gbogbo ohun tí ẹ lè fi ẹnu sọ lọ. Yóò rí i bóyá apá méjèèjì ló ń gbọ̀n tàbí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, ẹ pe 911. Bí ó bá ti mú un rí tí dókítà sì ti kọ́ yín ní ohun tí ẹ ó ṣe, kí ó má kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó pè. Bí ó bá dá, tó tún padà bẹ̀rẹ̀, ẹ pè. Bí kò bá mí dáadáa, bí ọrùn rẹ̀ bá le, bí kò bá ta pútú lẹ́yìn tí gìrì dá, bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ pè, ẹ má ka ìṣẹ́jú rárá. Gìrì ibà tó kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún kì í fẹ́ dá fúnra rẹ̀ mọ́. Oògùn ni wọ́n fi ń dá a dúró: midazolam tí wọ́n ń fín sí ihò imú tàbí tí wọ́n ń rọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti inú, diazepam tí wọ́n ń fi sí ìdí, tàbí lorazepam tí wọ́n ń fà sí iṣan.

Èmi ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ owó, torí mo mọ̀ ọ́n. Ìyá àjà kẹjọ yẹn kò kọ́kọ́ pe 911 torí ó gbọ́ pé owó áńbúláǹsì ń ba ilé jẹ́. Amẹ́ríkà ló gbọ́ ìyẹn. Ní Ontario níbí, ẹni tó ní káàdì ìlera OHIP, tí dókítà sì gbà pé ó yẹ kó wọ áńbúláǹsì, dọ́là 45 ló máa san, ilé ìwòsàn á sì fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sílé lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó ń gba owó lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ẹ ń wá ààbò, ìwé Interim Federal Health yín bo ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Bí èdè bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ sọ "Yoruba" fún ẹni tó gbé 911, kí wọ́n bá yín wá ògbufọ̀ sórí fóònù. Bí gìrì bá sì ti kọjá pátápátá, tí ọmọ ti ń ṣeré, tí ẹ kàn ní ìbéèrè, ẹ tẹ 811. Nọ́ọ̀sì á dá yín lóhùn tọ̀sántòru, ọ̀fẹ́ ni.

Gbogbo wa la fẹ́ràn SickKids, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní University Avenue. Ó tó bẹ́ẹ̀ náà. Ọdún 1875 ni Elizabeth McMaster àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yá ilé oníyàrá mọ́kànlá, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé ní Brampton tàbí ní Scarborough, ẹ má gbé ọmọ tí gìrì mú la gbogbo ìlú kọjá nínú yìnyín kí ẹ tó dé ibẹ̀. Yàrá pàjáwìrì tó sún mọ́ yín jù mọ iṣẹ́ yìí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i.

Ní yàrá pàjáwìrì ni ìjà àwọn òbí wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. "A jókòó wákàtí márùn-ún, wọn ò ya fọ́tò orí ọmọ, wọn ò fa ẹ̀jẹ̀, Tylenol, oògùn ibà lásán, ni wọ́n fún un, wọ́n ní ká máa lọ sílé!" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, tẹ ìlànà kan jáde ní 2011. Ó ní ọmọ tó ṣe gìrì ibà lásán, tí kò pé ìṣẹ́jú 15, tó mú gbogbo ara, tí kò tún padà wá láàárín wákàtí 24, tí ara rẹ̀ sì ti yá, kò nílò fọ́tò ọpọlọ, kò nílò ẹ̀rọ tó ń ka iná inú ọpọlọ. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń ya fọ́tò yẹn kì í ṣe omi tútù, ọpọlọ ọmọ náà sì ń gbà á sára. Ohun tó kù tí dókítà ń wá ni orísun ibà: ó ń wo etí, ọ̀fun, ó ń gbọ́ àyà, ó lè gba ìtọ̀. Bí ó bá rí i pé ọrùn ọmọ le, tàbí pé ọmọ kò mọ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù meningitis á bà á, ìyẹn àrùn inú awọ tó bo ọpọlọ, á sì fẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó fà á. Kì í sọ ọmọ di arọ. Bí ọmọ bá wà láàárín oṣù 6 sí 12 tí kò sì tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé, dókítà lè fẹ́ fà á pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá ti ń fún un ní oògùn antibiotic kí ẹ tó dé, torí oògùn yẹn lè bo àmì àrùn náà mọ́lẹ̀. Torí náà, ẹ sọ òótọ́ fún wọn: oògùn tí ẹ fún un, àgbo tí ẹ fún un. Kò sí àsìkò ìtìjú níbẹ̀. Bí ó bá lọ jẹ́ àgbo ló mu, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́wọ́ kan, torí ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ dé láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Cotonou tàbí Lomé, tí ibà sì mú un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní gìrì ibà lásán kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, màléríà. Ọmọ tí a bí sí Toronto kò ní ààbò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Adébáyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Èyí tó burú jù nínú màléríà Áfíríkà sábà máa ń fi ara hàn láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìrìn àjò, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá gun orí, ó ń fa gìrì tó ń padà wá léraléra, ọmọ kò sì ní jí dáadáa láàárín méjèèjì. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà lè má rí màléríà rí láyé rẹ̀, kò sì ní rántí bi yín léèrè. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó jókòó: "We just came back from Nigeria." Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá ní kò sí, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe, àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ọkàn le. Ọdún Kérésì ń bọ̀, ẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oògùn tí ọmọ máa lò kí ẹ̀fọn má bàa rí i ṣe, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó wọ bàálù.

Ó kù oògùn ibà. Àwọn òbí kan gbà gbọ́ pé bí àwọn bá ń fún ọmọ ní paracetamol ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin láìsinmi, gìrì ò ní wá mọ́. Wọ́n dán an wò ní Finland, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2009: àwọn ọmọ tó lo oògùn ibà àti àwọn tó lo oògùn àfarawé tí kò ní nǹkan kan nínú, gìrì padà sára wọn bákan náà. Ẹ fún ọmọ ní oògùn kí ara lè tù ú, kó lè mu omi, kó lè sùn. Kì í ṣe torí gìrì.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìgò. Paracetamol la ń pè é nílé, acetaminophen ni wọ́n ń pè é níbí, ohun kan náà ni. Ṣùgbọ́n ìgò olómi tí wọ́n ń ta nílé máa ń ní mílígíráàmù 120 tàbí 125 nínú mìlílítà 5. Ti àwọn ọmọdé níbí ní 160 nínú mìlílítà 5. Èyí tí wọ́n ń ta fún ìkókó, tí wọ́n fi ń kán sí ẹnu, ní 80 nínú mìlílítà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá lo ìwọ̀n ìgò ti àwọn ọmọdé fún ti ìkókó ti fún ọmọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa san gbèsè yẹn. Ìwọ̀n ara ọmọ ni kí ẹ fi ṣírò rẹ̀, mílígíráàmù 10 sí 15 fún kílò kan, bí ẹ kò bá sì lè ṣírò rẹ̀, apògùn tó wà ní ilé ìtajà oògùn Shoppers á ṣe é fún yín láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí oògùn ibà àwọn ọmọdé wọ́n ní gbogbo Canada ní 2022, mo rí àwọn ìyá tó ń gé tábúlẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà sí wẹ́wẹ́. Mo lóye wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Asipirínì ńkọ́? Kò sí fún ọmọ rárá.

Ẹlòmíràn á bèèrè pé ṣé kò sí oògùn tí ọmọ lè máa lò lójoojúmọ́. Ó wà, wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Phenobarbital ni. Ní 1990, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé lẹ́yìn ọdún méjì, làákàyè àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn yẹn rẹlẹ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò lò ó. Àtìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti gbé e tì fún gìrì ibà lásán. Gìrì náà kì í ba ọpọlọ jẹ́, kí wá ni ká fi oògùn tó ń ba ìwé ọmọ jẹ́ dènà rẹ̀ fún?

Ìyá àjà kẹjọ bi mí lọ́jọ́ kejì bóyá ó máa padà wá. Mo sọ òótọ́ fún un: nínú ọmọ mẹ́ta tó bá ṣe é, nǹkan bí ẹnì kan máa tún ṣe é. Ó tún dín ohùn kù, ó bi mí bóyá wárápá ni. Kì í ṣe wárápá. Nínú ọmọ 100 tó bá ṣe gìrì ibà lásán, wárápá lè mú nǹkan bí ẹnì kan tàbí méjì lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn kò sì jìnnà sí ti ọmọ tí kò ṣe gìrì rí. Ti ọmọ tí gìrì rẹ̀ gùn tàbí tó mú ẹ̀gbẹ́ kan nìkan pọ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà á sì fẹ́ máa rí i. Ó tún ní ọ̀rẹ́ òun kan ti sọ fún òun pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á, kí òun má gba èyí tó kù mọ́. Lóòótọ́, abẹ́rẹ́ measles tí a ń pè ní èèyi lè mú ibà wá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá gbà á, ibà náà lè mú gìrì wá lára àwọn ọmọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyi fúnra rẹ̀ ń mú ibà tó ju ìyẹn lọ fíìfíì, ó sì lè wọ ọpọlọ. Ní 2025, Ontario yìí kan náà ni èèyi ti jà ràn-ìn. Ó gba èyí tó kù fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n. Bí kò bá dúró, ẹ gbé e dání kí ẹ gun orí rẹ̀, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Ẹ kọ iye kílò rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú déètì. Ní abẹ́ rẹ̀, ẹ kọ àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fúláàtì ní lẹ́tà gàdàgbà, torí ìyá àgbà tó wà nílé pẹ̀lú ọmọ lè má mọ̀ ọ́n lórí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, ní ibi tí aago ti hàn. Kí ẹ sì kọ́ ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń tẹ 911 lórí fóònù tí wọ́n tì pa.